Iná Xenon ní Ládípọ̀: Dọ́là Ló Ń Fọ́ Wa Lójú

Iná iwájú mọ́tò tòkunbọ̀ mi ṣàdédé pọ́n rúsúrúsú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Pápá Àjàó ni mò ń gbé, Ládípọ̀ ò jìnnà, mo bá fẹsẹ̀ rìn lọ. Iye tí wọ́n pe gílóòbù xenon méjì, ẹnu mi ò lè sọ ọ́.

Kí ló fà á? A kì í ṣe é nílẹ̀ yìí, dọ́là la fi ń kó o wọlé. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan ò ju nǹkan bíi ₦460 lọ ní báńkì. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá ₦1,500.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: àwọn kan ń ra xenon pọ́ọ́kú, wọ́n ń kì í bọ inú iná tí wọ́n ṣe fún halogen. Ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, á gún ẹni tó ń bọ̀ lójú. Lójú títì tí kò níná, ikú ló ń pè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ dáadáa, D2S kì í ṣe D2R. Ẹ paná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí iná tó ń tàn án le gan-an. Gílóòbù wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ta ẹ̀mí ní Ládípọ̀.