Ẹ̀rí Ló Yẹ Kí Ètò Orírun Ọ̀rọ̀ Máa Gbé Jáde

Nígbà tí Kevin Stroud bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì rẹ̀ lórí ìtàn èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, kò kánjú. Ọ̀pọ̀ ètò ló kọ́kọ́ fi wá ìdí àwọn èdè tó bí Gẹ̀ẹ́sì kó tó kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wọ inú ètò Yorùbá lórí orírun ọ̀rọ̀. Yorùbá tilẹ̀ yẹ fún gbígbọ́ ju kíkà lọ, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù kì í sábà ní àmì ohùn, ẹnu kì í sì gbàgbé ohùn.

Ẹ wo àlùbọ́sà. Ekukáká ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ láìsí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà jíjìn lorúkọ rẹ̀ ti wá. Lárúbáwá ń pè é ní al-basal, ó di albasa lẹ́nu Haúsá, kó tó di ti Yorùbá. Ẹni tó bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra yóò mọ̀ pé àwọn oníṣòwò ti rìn jìnnà. Èdè Lárúbáwá náà ni àlàáfíà ti wá. Àlejò ńkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ tiwọn, ṣùgbọ́n kò bá wọn tan rárá.

Ìjọra yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ olóòtú jẹ. Yorùbá máa ń pa fáwẹ̀lì jẹ, nítorí náà ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ lè la ọ̀rọ̀ kan sí méjì, kó fi ìtàn dí àlàfo rẹ̀. Wọ́n ní ìyà tí ọkùnrin kan jẹ ní Ìwó nítorí obìnrin ló bí "ìyàwó". Ìtàn náà dùn, ohùn rẹ̀ pàápàá bá ara mu, ṣùgbọ́n èyí kò tó. Ó yẹ kí olóòtú yẹ ìwé ọ̀rọ̀ tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 wò, kó wádìí bí àwọn ẹ̀ka èdè ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà, kó sì sọ ibi tí ìtàn náà ti kọ́kọ́ jẹ yọ.

Ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀rí kò kúkú ṣàìdùn. Ọ̀kadà jẹ́ ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Gabriel Igbinedion fi sọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú rẹ̀, Okada Air, ní àwọn ọdún 1980. Àwọn èrò tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá gbé orúkọ náà fún alùpùpù tó ń sá kọjá. Ní 2020, ó wọ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ gun ọ̀kadà ṣì wà láàyè. Kí àwọn olóòtú Yorùbá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ ní ọdún yìí.