Kí Àwọn Ọkùnrin Wa Má Ṣe Já Oògùn Sílẹ̀



Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ń wa zémidjan wá bá wa nílé. Ó ní òun ní VIH, ó sì ti tó oṣù mẹ́rin tí òun ti lo oògùn kẹ́yìn. A bi í pé kí ló dé, ṣebí ọ̀fẹ́ ni? Ó ní: "Bàbá, wọ́n pe orúkọ mi mọ́ oògùn sida lójú gbogbo èrò. Aládùúgbò mi wà níbẹ̀. N ò padà lọ mọ́." Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé òfin wà. Òfin 2005-31 ti ọdún 2006 kọ̀ kí wọ́n tú àṣírí ẹni tó ní VIH, tàbí kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Àmọ́ òfin inú ìwé kò lè bá nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn.

Obìnrin tó lóyún, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ta ló ń wá ọkùnrin rí? Alágbàṣe oko òwú ńkọ́? Ẹni tó ń sọdá ẹnubodè lọ wáṣẹ́ ní Nàìjíríà? Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n? Àti ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀? A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò fẹ́ gbọ́ ti ìkẹyìn yìí. Ṣùgbọ́n aláìsàn ni aláìsàn ń jẹ́.

Oògùn yìí kì í pa kòkòrò náà tán. Ojoojúmọ́ ni à á lò ó. Ẹni tó bá dá a dúró, kòkòrò á tún gbérí. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò lẹ́jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Nítorí náà, bí a bá fi ìtìjú lé ẹnì kan kúrò nídìí oògùn, ìlú la ṣe é sí.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́ẹ̀rì àti àwọn olórí ilé ìwòsàn kò pọ̀. Kí wọ́n máa ṣí nírọ̀lẹ́, nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ti dé. Kí ẹni tí ara rẹ̀ ti le máa gba oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. OMS fọwọ́ sí i. Kí wọ́n máa fi nọ́mbà pè wọ́n, kì í ṣe orúkọ. Bí ẹnì kan kò bá wá mọ́, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń lo oògùn lọ bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọ yẹn ti padà sídìí oògùn, àmọ́ ìlú mìíràn ló ti ń lọ gbà á, owó ara rẹ̀ ló sì fi ń ra epo lọ. Ẹ jẹ́ kó rí i gbà ní ìlú bàbá rẹ̀.