Ìrora ẹpọ̀n kì í ṣe ohun ìtìjú: ẹ tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, yóò sọ. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹpọ̀n ló ń ro ọkùnrin, ẹnu rẹ̀ á wọlé. Ọmọdé á ní inú ló ń run òun. Ọ̀dọ́ á dùbúlẹ̀, á kọjú sí ògiri. Bàbá á mú un mọ́ra títí kò fi ní lè rìn mọ́. Èrò tiwa ni pé ìdákẹ́ yìí ń ṣe wá ní jàǹbá púpọ̀, àwa àgbà la sì kọ́ àwọn ọmọ wa.

Orúkọ méjì péré la ní fún ohunkóhun tó bá ṣe ẹpọ̀n. Bó bá ṣe àgbàlagbà, a ní ìpá ni, a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣe ọ̀dọ́, a ní ó ti lọ kó àtọ̀sí. Ọmọ wo ló máa sọ̀rọ̀ nígbà tó mọ̀ pé èébú ló máa kọ́kọ́ gbà?

Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan wà nínú àwọn àìsàn yìí tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Okùn kan ló gbé kóró ẹpọ̀n rọ̀, inú okùn yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ síbẹ̀. Nígbà mìíràn okùn náà á lọ́, bí okùn ewúrẹ́ ṣe ń lọ́ mọ́ èèkàn títí ẹran kò fi ní lè mí. Bó bá ti lọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, kóró náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn ọmọkùnrin tó wà láàárín ọdún 12 sí 18 ló máa ń ṣe jù, ó sì lè ṣe ọmọ ọwọ́ tàbí àgbà. Ó lè bá ọmọ lójú oorun tàbí níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àmì rẹ̀ nìyí: ìrora òjijì tó le gan-an ní apá kan, wíwú, èébì, kí kóró ẹpọ̀n kan sì fà sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí 6, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kóró náà ń yè. Bó bá ti kọjá wákàtí 24, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Ká ní ìrora bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí ní abúlé kan lọ́nà Kábùà. Ọmọ ní inú ń run òun. Ìyá bu àgbo fún un, ó gba ọjà lọ. Ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n ra kápúsù aláwọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn. Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, wákàtí 6 ti pé. Bàbá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá zémìjàn, ilẹ̀ ti ṣú. Kò sí ìkà nínú wọn, gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n aago kì í mọ ìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ìrora ẹpọ̀n ló rí báyìí. Àtọ̀sí àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn lè fà á. Oògùn wà fún wọn, bí ọkùnrin àti obìnrin rẹ̀ bá jọ lò ó tán. Ṣegede lè sọ̀kalẹ̀ sí ẹpọ̀n ọ̀dọ́. Ìpá tó há, tí kò wọlé mọ́, tó ń dunni tó sì ń fa èébì, iṣẹ́ abẹ kíákíá ni òun náà ń fẹ́. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ wò ó.

Kókó líle tí kò dunni pàápàá kò yẹ ní fífọwọ́ bò. Ẹ rántí Sébastien Haller, agbábọ́ọ̀lù Côte d'Ivoire. Ní oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n rí kókó nínú ẹpọ̀n rẹ̀, àrùn jẹjẹrẹ sì ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó gba oògùn líle. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, òun ló gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi na Nàìjíríà 2-1, tí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Gbogbo ayé gbọ́ ohun tó ṣe é, kò sì bọ́ iyì lára rẹ̀.

A kò bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jà. Ẹni tó mọṣẹ́ nínú wọn mọ̀ pé kò sí àgbo tó ń tú okùn tó ti lọ́. Ẹ̀bẹ̀ wa sí wọn ni kí wọ́n máa sọ pé, "Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíákíá." Owó ńkọ́? Òótọ́ ni, iṣẹ́ abẹ ń gba owó. Ṣé ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ń dá èésú kò lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ báyìí, kí owó ọkọ̀ má baà dá ọmọ ẹnikẹ́ni dúró? Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ má ṣe fún ọmọ ní oúnjẹ, nítorí iṣẹ́ abẹ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má sọ pé inú ló ń run ún. Ẹ sọ pé ẹpọ̀n ni, kí ẹ sì sọ aago tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, lálẹ́ òní, ẹ pe àwọn ọmọkùnrin yín jókòó. Ẹ sọ fún wọn pé bí ibẹ̀ bá dùn wọ́n, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, kí wọ́n jí yín, ẹ kò ní bú wọn. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko.