Ṣé Ọjà Lè Wọ Mọ́tò?

  

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ mú ìwé àròkọ ọmọ rẹ̀ wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ọmọ náà kọ ọ́ pé, "Ọjà ìyá mi dé láti Èkó lánàá, mọ́tò méjì ni ó kó o wá." Tíṣà rẹ̀ fi bírò pupa fa igi sí i lórí, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ọjà kì í kúrò lójú kan, ẹrù ni ó ń wọ mọ́tò. Máàkì méjì lọ. Kì í ṣe máàkì ni ó dun ìyá yìí. Ohun tí ó bi mí ni pé, láti ọjọ́ tí òun ti ń pe aṣọ òun ní ọjà, ṣé èdè àìmọ̀wé ni òun ń sọ?

Rárá o. Ọmọ náà gbà á, tíṣà ni ó ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá yí máàkì padà gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní.

"Mo ń lọ sí ọjà": ibì kan ni. "Ọjà mi ti tán": ohun títà ni. "Ó di ọjà tí ń bọ̀ kí n tó san án": ọjọ́ ni, ẹ̀yin tí ẹ ń tà láwìn sì mọ gbólóhùn náà dáadáa. "Gbogbo ọjà hó yèè": àwọn ènìyàn ni. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́rin, kò sì sí ẹni tí ń ṣì í gbọ́. N kò tíì rí ìyálọ́jà tí ó gbọ́ pé ọjà ti tán, tí ó wá sáré jáde lọ wò bóyá ìsọ̀ ti wó.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Charles Fillmore. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, ó sì kú ní 2014. Nínú àwọn ìwé tí ó kọ láàárín 1975 sí 1982, ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kì í dá jókòó nínú ọkàn wa bí òkúta kan ṣoṣo. Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, odidi ètò kan ni ó ń jí dìde. Férémù ni ó pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tí ó lò ni ti rírà àti títà. Ẹni tí ń rà wà níbẹ̀, ẹni tí ń tà wà níbẹ̀, ohun títà wà níbẹ̀, owó sì wà níbẹ̀. Bí mo bá sọ pé "mo rà á", ẹ ti mọ̀ pé ẹnì kan tà á fún mi, ẹ sì ti mọ̀ pé owó jáde lápò mi, bí n kò tilẹ̀ dárúkọ owó. Ọmọ tí kò bá mọ "tà" kò lè mọ "rà", bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ "èrè" tàbí "ẹ̀dínwó".

Nínú ètò bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni pé okùn so àyè kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì. Okùn so ibi ìtajà mọ́ ohun tí a ń tà níbẹ̀. Okùn so ó mọ́ ọjọ́ tí a ń ná an àti mọ́ àwọn tí ń ná an. Nígbà tí a bá pe ẹrù ní ọjà, a kàn yá orúkọ àyè kan fún èyí tí ó so mọ́ ọn ni. Ètò náà kò yí padà. Ojú wa ni ó kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Èyí yàtọ̀ sí ìgbà tí àwọn àgbà bá sọ pé ayé lọjà. Níbẹ̀, wọ́n gbé gbogbo ọjà, àti wíwá àti lílọ rẹ̀, wọ́n fi wé ohun tí kò bá a tan rárá. Àfiwé ni ìyẹn. Ọmọ aláṣọ kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Kò tilẹ̀ kúrò nínú ọjà. Ó máa ń dùn mí tí àwa tíṣà bá da méjèèjì pọ̀ lójú pátákó.

Ǹjẹ́ a wá lè fi ohunkóhun pe ohunkóhun? Ó tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Sebastian Löbner ti Düsseldorf, tọ́ka sí i pé okùn náà gbọ́dọ̀ ṣeé tọ̀ lọ, kí ó sì ṣeé tọ̀ bọ̀. "Ààfin ti ránṣẹ́" yé gbogbo ìlú, nítorí pé ọba kan ni ó ni ààfin náà, ààfin kan náà ni ọba sì ní. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé "ìlẹ̀kẹ̀ ti ránṣẹ́"? Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn ọba, ó wà lọ́rùn ìjòyè, ó wà lọ́rùn ìyàwó tuntun. Ẹ tún wo agbowó ìsọ̀. Bí ó bá sọ lójú títì pé "Nọ́mbà 12 kò tíì san", ọ̀rọ̀ wèrè ni. Bí ó bá sọ ọ́ nínú ọjà tí wọ́n ti fi ọ̀dà kọ nọ́mbà sára ìsọ̀, ìsọ̀ kan, nọ́mbà kan, ìyá kan, kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ń bá wí. Àfi bí ènìyàn méjì bá jọ gba ìsọ̀ kan náà. Ìjà dé nìyẹn.

Èdè wa tilẹ̀ ní "oní", tí í fi okùn yìí hàn ní gbangba, ṣùgbọ́n kì í sọ irú okùn tí ó jẹ́. Ní ọjà, ẹni tí ń ta ẹran ni ẹlẹ́ran. Ní agbo ilé, bí ewúrẹ́ bá jẹ èlùbọ́ tí a sá, tí ìyá àgbà fi igbe ta pé, "Ta ni ẹlẹ́ran yìí?", kò sí ẹni tí yóò sáré lọ pe alápatà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé àpò gan-an ni ti ọ̀kẹ́. Àpò ńlá ni ọ̀kẹ́. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó ń wọ ọ̀kẹ́ kan. Bí orúkọ àpò ṣe di orúkọ iye tí ó wà nínú rẹ̀ nìyẹn: 20,000. Owó ẹyọ lọ, àpò lọ, iye dúró. Ìdí nìyí tí rédíò fi ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ àpò náà mọ́ máa ń rò pé ọ̀kẹ́ kan ni mílíọ̀nù kan. Ẹ gbà mí, ẹ̀yin oníṣòwò! Bí wọ́n bá kọ "ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà" sínú ìwé àdéhùn, bàbá àgbà yóò ka 200,000, ọmọkùnrin yóò ka 10,000,000. Náírà 9,800,000 ni ó wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì yóò sì búra pé òótọ́ ni àwọn ń sọ. Ẹ máa kọ iye náà ní nọ́mbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀.

Kọ́bọ̀ ńkọ́? Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà ni a yí sí kọ́bọ̀. Orúkọ irin di orúkọ owó, owó náà sì ni pẹ́nì, tí 240 rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn kan. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí náírà kan jẹ́ sílè mẹ́wàá, pẹ́nì kógbá wọlé, ṣùgbọ́n àyè owó tí ó kéré jù lọ kò ṣófo. Owó tuntun jókòó síbẹ̀, ó sì jogún orúkọ náà: 100 kọ́bọ̀, náírà kan. Lónìí kọ́bọ̀ kò ra ohunkóhun mọ́ lórí àtẹ, síbẹ̀ bí a bá sọ pé lágbájá kò ní kọ́bọ̀, a mọ bí ipò rẹ̀ ti rí.

Ọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Lórí omi ni ó ti wá. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, mọ́tò tẹ̀ lé e, àwọn àlejò sì gba ilé lọ́wọ́ onílé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ àtijọ́ ni a ń fi "ojú omi" kún orúkọ rẹ̀ báyìí kí ó tó yé ènìyàn.

Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú iṣẹ́ yín, ẹ̀yin aláṣọ, ẹ̀yin aláta, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ bí ẹ ti ń lò ó. Ti àwọn awakọ̀ ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí mo ti gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ pé èrò méjì òun "ti sọ̀ sí Mọ́kọ́lá, ó ku Sángo kan", mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àdúgbò ni ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀.