Kí Iṣẹ́ Ṣíwájú Ìròyìn: Ẹ̀kọ́ UDP Tó Yẹ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹ̀rọ ní Ìwó

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ṣọ́ táǹkì omi gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ táǹkì lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ì báà wà, ì báà má sí. Kò sẹ́ni tí yóò jiyàn ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ kò ṣòro rárá láti kan ẹ̀rọ tí kò lè ṣe é. Íntánẹ́ẹ̀tì á lọ, ẹ̀rọ á dúró máa retí èsì, pọ́ǹpù á máa fa omi, táǹkì á kún, omi á sì máa ṣàn sílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìwó, pàápàá Yunifásítì Bowen tí Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2001, fi UDP bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò tó ń ránṣẹ́ sí sáfà, tó sì ń gba èsì, kó tó lọ máa lo èyí tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù tí kọ̀ǹpútà fi ń ránṣẹ́ síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, TCP àti UDP. Ní ti TCP, ìránṣẹ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ẹ̀rọ méjèèjì kí ọ̀rọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ó ń ka gbogbo ohun tó fi ránṣẹ́, ó ń tún èyí tó sọnù fi ránṣẹ́, bí ti ìṣáájú kò bá sì tíì dé, kì í jẹ́ kí tẹ̀yìn kọjá sí ọwọ́ ẹni tó ń retí rẹ̀. UDP kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Jon Postel kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, ojú-ìwé mẹ́ta péré ni. Báìtì 8 ni orí páákẹ́ẹ̀tì rẹ̀: pọ́ọ̀tù tó ti wá, pọ́ọ̀tù tó ń lọ, bó ṣe gùn tó, àti iye tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́ lọ́nà. Ti TCP kì í dín ní báìtì 20.

Ará Ìwó tó bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí Ìbàdàn mọ irú ètò yìí dáadáa. Yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí yóò gbà á sí ara rẹ̀, yóò gbé e fún dẹ́rẹ́bà ní gáréèjì, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà bá ṣe pàtàkì, yóò ní kí ẹni náà pe òun tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò rí ìpè, yóò fi òmíràn rán dẹ́rẹ́bà mìíràn lọ́jọ́ kejì. Dẹ́rẹ́bà kọ́ ló ṣètò ìpè yẹn, ẹni tó ni ìwé ni. Bẹ́ẹ̀ ni UDP ṣe fi gbogbo ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tó kọ ètò.

Fún iṣẹ́ bíi ti táǹkì, ohun tó yẹ gan-an nìyẹn. Ibi tí omi dé ní aago mẹ́wàá kò wúlò mọ́ ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí omi ti lọ sókè tàbí ó ti wálẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, TCP yóò tẹnu mọ́ ìròyìn àtijọ́ títí yóò fi dé, ìròyìn tuntun yóò sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá lo UDP lè jẹ́ kí ti àná lọ, kó sì fi ti òní ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n UDP nìkan kò tó. Ẹ̀rọ náà tún nílò ètò ìṣiṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní RTOS. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni FreeRTOS, tí Richard Barry bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tí Amazon sì gbà sábẹ́ àbójútó ní 2017. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ESP32 tí ilé-iṣẹ́ Espressif ti ilẹ̀ Ṣáínà gbé jáde ní 2016, ESP32 sì ń lo lwIP, ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré tí Adam Dunkels kọ ní Sweden. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ètò méjèèjì. Pẹ̀lú RTOS, akẹ́kọ̀ọ́ lè pín iṣẹ́ ẹ̀rọ sí méjì. Èyí tó ń wo omi, tó sì ń pa pọ́ǹpù, ni yóò wà ní ipò àkọ́kọ́. Èyí tó ń ránṣẹ́ sí sáfà yóò wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ààyè kan ṣoṣo ni yóò wà láàárín wọn: ìròyìn tuntun yóò bọ́ síbẹ̀, yóò lé ti àtijọ́ kúrò, iṣẹ́ tó ń wo omi kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó ni táǹkì ló rán ẹ̀rọ níṣẹ́. Sáfà kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ fún ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ Mars Pathfinder fi hàn pé ọ̀rọ̀ ipò iṣẹ́ kì í ṣe eré. Ó gúnlẹ̀ sí Mars ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1997, VxWorks sì ni RTOS tó ń lò. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ léraléra. Iṣẹ́ kan tí ipò rẹ̀ kéré, tó ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ jọ, ló di ohun tí iṣẹ́ ńlá kan nílò mú. Kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, àwọn iṣẹ́ tí ipò wọn wà láàárín ti gba ẹ̀rọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ńlá náà kò lè parí lásìkò, ni aago ìṣọ́ inú ẹ̀rọ bá tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ayé níbí ni àwọn ẹnjinníà ti fi àtúnṣe ránṣẹ́, wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ kékeré tó bá di nǹkan mú máa yá ipò iṣẹ́ ńlá tó ń dúró dè é. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí àgbà oníṣẹ́, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ UDP kò lè sá fún àwọn ìbéèrè kan. Èkíní ni pé ìgbà wo ni kí ẹ̀rọ jáwọ́ nínú dídúró de èsì? Àṣẹ recvfrom tí wọn kò fún ní gbèdéke yóò dúró títí láé bí èsì bá sọnù lọ́nà. Èkejì, ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò tún un fi ránṣẹ́? Ẹ̀kẹta, báwo ni yóò ṣe mọ èsì tó pẹ́ dé yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí bí kò bá fún ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà? Àwọn tó ṣe CoAP, òfin ìránṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ kékeré, ní 2014 ti dáhùn wọn lórí UDP kan náà: ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà; fún èyí tó bá ṣe pàtàkì, ẹ̀rọ yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, yóò máa sọ àsìkò ìdúró náà di ìlọ́po méjì, lẹ́yìn àtúnránṣẹ́ mẹ́rin yóò sì jáwọ́. UDP kì í dárí ji àìfarabalẹ̀ pẹ̀lú. Pọ́ọ̀tù CoAP ni 5683. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo ESP32 bá gbàgbé láti yí ètò báìtì rẹ̀ padà sí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 13078 ni ìránṣẹ́ yóò lọ. Àṣẹ sendto yóò ṣì sọ pé ó ti lọ, nítorí pé kí nǹkan kúrò nílé kò ní kó dé ibi tó ń lọ.

Àwọn kan yóò ní TCP ti parí gbogbo wàhálà yìí, kí ni wọ́n tún ń wá? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ POS tó ń gbé owó, àti ẹ̀rọ tó ń gba ètò tuntun wọlé, kò gbọ́dọ̀ pàdánù báìtì kan, TCP ló yẹ wọ́n. Òótọ́ sì ni pé UDP kò ní ààbò fúnra rẹ̀, ètò ààbò DTLS ni wọ́n ń gbé wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n TCP kò mú ìbéèrè wọ̀nyẹn kúrò, ó kàn dáhùn wọn lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé wọ́n wà kò lè mọ ìgbà tí ìdáhùn náà kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ ní Ìwó fi ìdánwò kan kún èyí tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, kí wọ́n yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò lójú rẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́. Bí pọ́ǹpù bá kú ní ibi tó yẹ kó kú sí, tí ìròyìn tuntun sì jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, kí wọ́n fún un ní máàkì. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ojú-ewé rẹ̀ dára tó lórí fóònù, kò tíì tó gbé sí ìdí bọ̀hóòlù ẹnikẹ́ni.