Àmì Ohùn Kì Í Ba Pátákó Jẹ́

Ẹ̀yin oníṣòwò Ìjẹ̀gùn, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bá wọn ṣe lógò àti báńà, ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín yín: pé fọ́ǹtì ìgbàlódé, sans-serif tí lẹ́tà rẹ̀ ṣe ṣákálá láìní ẹsẹ̀ tín-ín-rín nídìí, kò bá àmì ohùn mu; pé àmì ń ba dísáìnì jẹ́. Irọ́ ni.

Jámánì ni Futura, ọ̀kan lára irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀, ti jáde ní 1927. Ará Jámánì kò torí rẹ̀ yọ àmì orí ü. Àmì èdè Vietnam pọ̀ ju tiwa lọ, síbẹ̀ irú lẹ́tà ṣákálá yìí ni wọ́n fi ń kọ pátákó ìtajà wọn, àmì sì ń pé. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ tiwa ló ń bàjẹ́?

Ẹ tẹ Ìjẹ̀gùn sórí kọ̀ǹpútà. Ì àti ù kì í ṣòro, nítorí pé Ítálì náà ń lo àwọn lẹ́tà yìí. Ẹ̀ tó wà láàárín ni ìdánwò. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ ní àyè tirẹ̀, ẹ̀ kò ní. Àfi kí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ṣètò ibi tí àmì yóò jókòó sí. Bí kò bá ṣe é, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ á rí jákujàku, dísáínà á sì pa àmì rẹ́. Fọ́ǹtì ló jẹ̀bi, èdè la fìyà jẹ.

Ìyà náà ń dé ọjà. Bí onídìrí bá sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ẹwà, tí pátákó wá kọ EWA, ta ni yóò mọ̀ bóyá ẹwà ni tàbí ẹ̀wà tí à ń sè jẹ? Àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Láti 1875 ni wọ́n ti pàdé ní Èkó níbí lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ohun tí wọ́n làágùn lé lórí kọ́ ló yẹ ká máa fi bọ́tìnnì kan pa rẹ́.

Noto Sans àti Andika jẹ́ sans-serif, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń gbé àmì wa dáadáa. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó lógò, ẹ ní kí dísáínà tẹ ÌJẸ̀GÙN àti Ìjẹ̀gùn níwájú yín. Bí àmì kò bá jókòó síbi tó yẹ, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì. Ẹ má pààrọ̀ orúkọ.