Èdè Yorùbá Nínú Ilé Wa

Kò sí àníàní pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ti gbọ́ ìkéde tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa, Dókítà Túnjí Alausa, ṣe ní Àbújá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé Yunifásítì. Ìkéde yìí fagi lé ìlànà tí ìgbìmọ̀ àwọn Mínísítà fi ọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a fi èdè ìyá ọmọ kọ́ ọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé. Inú àwọn kan dùn sí i, àwọn mìíràn sì bínú. Ó yẹ kí àwa ará Ìkòsì, Kétu àti Mile 12 pẹ̀lú rò ó dáadáa, nítorí ọ̀ràn náà kò dúró sí Àbújá. Inú ilé wa gan-an ni ó wà.

Ìdí tí Mínísítà sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tí a ti ń fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín gbé e dànù, nítorí kò sí òbí tí ó ń fẹ́ kí ọmọ òun fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ ṣírò. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lábẹ́ ìlànà ọdún 2022 kò tíì lè kọjá kíláàsì kẹrin nígbà tí a fagi lé e. Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ti ṣe jókòó ṣe ìdánwò WAEC? Bí àwọn ọmọ ńlá bá ń fìdí rẹmi, ǹjẹ́ a ti bèèrè bóyá olùkọ́ tó, bóyá ìwé wà lọ́wọ́ wọn, bóyá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ gbà wọ́n? Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, a ti dán ọ̀ràn yìí wò rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ohun gbogbo, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn rárá. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ, títí kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé Yorùbá ni ó ń dí ọmọ lọ́wọ́ láti mọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ojú rí ní Ifẹ̀.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kíní ọdún 1844 ni Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní ọdún 1859 ni Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 dé, owó ìrànwọ́ ìjọba kò wà fún ẹ̀kọ́ èdè ìbílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni a ń sanwó fún. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó fọhùn sí i. Nínú ìrusókè ìgbà náà ni David Brown Vincent bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ ní ọdún 1894, tí ó di Mọ́jọlá Àgbẹ̀bí. Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, tí òyìnbó ti lọ tipẹ́tipẹ́, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó jókòó, wọ́n sì pinnu pé Yorùbá kò yẹ fún iṣẹ́ ilé náà, pé Èkó jẹ́ ìlú onírúurú ènìyàn, àti pé ó lè rẹ ọgbọ́n àwọn aṣòfin sílẹ̀! Ilé kan náà yí ọkàn padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n ya Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún ìjókòó ní èdè Yorùbá. Kí a yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe àjèjì ni ó sọ pé èdè wa ń rẹ ọgbọ́n sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Írẹ́lándì, tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará ibẹ̀ ní èdè tiwọn láti ayébáyé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì jọba lé wọn lórí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí ìjọba dá ilé-ìwé sílẹ̀ káàkiri ní ọdún 1831, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, a a máa so igi kan kọ́ ọmọ lọ́rùn; nígbàkígbà tí ó bá fọ èdè baba rẹ̀, a ó fi ọ̀bẹ sàmì sí igi náà, a ó sì nà án ní iye àmì tí ó wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe olùkọ́ nìkan ni ó ń sàmì: àwọn òbí pàápàá ń ṣe é nílé, nítorí wọ́n gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà sí Amẹ́ríkà. Ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1845, nígbà tí pòtétò tí wọ́n fi ń jẹun jẹrà lóko, sì pa àwọn tálákà tí ó ń sọ èdè náà jù lọ, ó lé àwọn mìíràn lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 1851 àwọn tí ó gbọ́ èdè náà ju 1,500,000 lọ. Ní ọdún 1891 wọ́n ti di bí 680,000.

Nígbà náà ni ojú là. Ní ọdún 1893 ni Douglas Hyde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbé èdè náà dìde. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1937 sọ ọ́ di èdè kìíní ní ilẹ̀ náà, Hyde fúnra rẹ̀ sì di Ààrẹ ní ọdún 1938. A fi tipátipá kọ́ ọ ní gbogbo ilé-ìwé; títí di ọdún 1973, ọmọ tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò lè gba ìwé-ẹ̀rí àṣejáde. Láti ọdún 2007 ni ó ti wà lára àwọn èdè àjọ ilẹ̀ Yúróòpù. Kí ni ó ti inú gbogbo rẹ̀ jáde? Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2022, 1,873,997 ènìyàn wí pé àwọn lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé kò ju 71,968 lọ.

Àwọn kan yóò wí pé, ṣé ará Írẹ́lándì kò ha jẹ́ ará Írẹ́lándì mọ́ bí? Òtítọ́ ni, wọ́n ṣì jẹ́ ènìyàn kan, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi béèrè òmìnira wọn. A kò ní parọ́ nítorí pé a fẹ́ràn èdè wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí wọ́n san. Ohun tí ìran díẹ̀ jù nù, ó ti lé ní 130 ọdún tí àwọn ọmọ wọn ti ń wá a kiri, pẹ̀lú òfin, pẹ̀lú owó, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ làálàá, wọn kò sì tíì rí i tán. Ẹ̀kọ́ kejì tí ó wà níbẹ̀ ni pé òfin lè mú kí ọmọ yege nínú èdè. Kò lè mú kí ó bá ìyá rẹ̀ ṣeré nínú rẹ̀. Inú ilé ni èdè ti ń kú, inú ilé náà ni ó sì ti ń yè.

Ǹjẹ́, ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìkòsì. Ẹ lọ sí ọjà Mile 12 ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Ẹ ó gbọ́ Hausa tí ó kó tòmátì àti àlùbọ́sà wá láti Òkè Ọya, tí ó ń fi Yorùbá ná ọjà pẹ̀lú aláròóbọ̀. Ẹ ó gbọ́ Ìgbò àti Ẹ̀gùn tí ó ń fi Yorùbá ṣe àwàdà. Èdè yìí ni ó fi ń yá wọn láti ra, tí ó sì ń yá wọn láti tà. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò kan náà, ìyá àgbà yóò kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá, ọmọ yóò sì yíjú sí ìyá rẹ̀ kí ó bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn ilé-ìwé kan sì wà tí ọmọ ń san owó ìtanràn, tàbí tí a ń fìyà jẹ ẹ́, nítorí pé ó sọ èdè tí a fi bí i. Kí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igi ọrùn àwọn ará Írẹ́lándì?

Òfin wà ní ìpínlẹ̀ wa. Láti ọdún 2018, nígbà Gómìnà Akínwùnmí Ambode, ni òfin ti pàṣẹ pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ìtanràn 500,000 náírà àti títi ilé-ìwé pa wà fún ẹni tí a bá kìlọ̀ fún tí kò gbọ́. Òfin rere ni; ṣùgbọ́n òfin kò ní ojú tí yóò fi wo inú gbogbo kíláàsì, kò sì lè wọ inú yàrá wa.

Nítorí náà, ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí òbí máa fi Yorùbá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé. Ilé-ìwé tí a ń sanwó fún yóò kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí òbí tí a bá fìyà jẹ ọmọ rẹ̀ nítorí èdè lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì bèèrè ibi tí ó ti rí irú òfin bẹ́ẹ̀. Kí àwọn aṣojú wa bèèrè bí òfin ọdún 2018 ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Kòsọ́fẹ́. Kí á má sì ṣe fi ẹnu tẹ́ èdè aládùúgbò wa: kí Ìgbò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Ìgbò, kí Hausa kọ́ tirẹ̀ ní Hausa, kí gbogbo wọn sì pàdé lójú ọjà ní èdè ìlú tí ó gbà wọ́n.

Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀tá wa. Àwa tí a ń fi kálàmù jẹun kò lè wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò tí a gbà sílé kò gbọdọ̀ ti onílé síta. Èdè wa kò tíì kú, a kò sì tíì ní láti máa fi òfin àti owó wá a bí ẹni wá ohun tí ó sọnù. Ó ṣì wà lẹ́nu wa. Kí a fi í lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí ó ṣì wà níbẹ̀.